Eré akọni láìsí fóònù: ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí ibùdó ìdílé tí a fẹ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀

Ìyá Ìbejì, Mọdákẹ́kẹ́:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Àwa òbí mélòó kan ní àdúgbò wa ti fẹnu kò pé a ó kó àwọn ọmọ wa lọ sí ibùdó ọlọ́jọ́ mẹ́rin ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, nínú oṣù kẹjọ, ní ọgbà ilé ìwé kan lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, níbi tí pápá ńlá, gbọ̀ngàn kan àti igi máńgòrò mélòó kan wà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà dé mẹ́rìnlá, kò ní eré mìíràn lẹ́nu ju eré orí fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ó jẹ mọ́ àwọn akọni, oṣó, dírágónì àti ìlú olódi. A kò bá wọn jà nítorí pé wọ́n fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwa náà kò kúrò nídìí àlọ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ìtàn akọni jẹ́ òpómúléró ibùdó yìí, ṣùgbọ́n kí fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà má yọjú rárá. Ẹ̀rù tí ó ń bà wá ni pé kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, a ti lè gbá bọ́ọ̀lù tán, kí a ti kọrin tán, kí wọ́n wá máa wò wá lójú. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni a lè ṣe tí owó rẹ̀ kò ní ga wá lára?

Tíṣà Ìlàrè:

Ẹ kú ìmúra, Ìyá Ìbejì. Kí ẹ tó máa to eré jọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó dè wọ́n mọ́ ìdí fóònù náà. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ níwèé, ohun tí mo sì rí ni pé àwòrán tí ń dán yẹ́rí-yẹ́rí kọ́ ni ó gbà wọ́n lọ́kàn jù. Nínú eré yẹn, ohun tí ọmọ bá pinnu ni yóò ṣẹlẹ̀: bí ó bá gba ọ̀nà òsì, ọ̀tọ̀ ni ohun tí yóò bá pàdé, bí ó bá sì gba ọ̀tún, ọ̀tọ̀ ni. Àwa àgbàlagbà a wá kó wọn lọ sí ibùdó, a ó fún wọn ní ìwé ètò tí a ti kọ láti agogo mẹ́fà àárọ̀ dé mẹ́sàn-án alẹ́, nínú èyí tí wọn kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ kankan. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó ń rán ọmọ létí fóònù. Nítorí náà, eré yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ rí i pé ìpinnu ọmọ lè yí nǹkan padà nínú rẹ̀.

Eré tí ó ṣe èyí jù lọ láìlo iná mànàmáná ni eré ìtàn orí tábìlì, irú èyí tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ yín ń ṣe lónìí ni ó jogún ètò wọn láti ibẹ̀. Ẹnì kan ni apàlọ́, òun ni yóò sọ ibi tí àwọn akọni wà àti ohun tí wọ́n rí, tí yóò wá bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ fẹ́ ṣe?" Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dáhùn gẹ́gẹ́ bí akọni tí ó ń ṣe, bí ohun tí ó fẹ́ ṣe bá sì le, yóò da dáìsì. Àwọn òyìnbó ń lo dáìsì olójú 20, èyí tí kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ṣùgbọ́n dáìsì lúdò méjì tó. Bí àròpọ̀ wọn bá jẹ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ náà yege. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, 21 ni yóò fún un ní 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà yóò máa yege ju bí yóò ṣe máa kùnà lọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀. Fún ohun tí ó bá le gan-an, ẹ gbé e sí 9, nítorí ọ̀nà 10 péré ni ó wà níbẹ̀. Kí apàlọ́ kan má ṣe ní ju ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, ẹni tí kò tíì kàn yóò ti máa sọ òkò lu aláǹgbá.

Mo rántí ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ẹbọra kan pàdé létí odò. Àwọn ọkùnrin ti fa idà yọ. Òun ní kí wọ́n dúró, ó sì bi ẹbọra náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ǹjẹ́ ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí?" Mi ò ní ìdáhùn nílẹ̀; mo ní ẹbọra kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àná. Ó ní àkàrà wà nínú àpò òun, ó da dáìsì, ó sì já sí 3. Mo ní ẹbọra gba àkàrà, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka, ó ní òun kò yó, àti pé bí wọn kò bá wá ẹ̀kọ tí òun yóò fi ti àkàrà náà, òun kò ní kúrò lọ́nà. Gbogbo ọ̀sán yẹn ni wọ́n fi ń wá ẹ̀kọ kiri ní ìlú tí kò sí níbì kankan. Ọ̀pọ̀ apàlọ́ ni yóò sọ pé "kò ṣe é ṣe" bí dáìsì bá ti kọ̀, tí ìtàn yóò sì dákú síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìkùnà máa bí wàhálà tuntun, eré náà kò ní tán.

Ọmọ Obòkun, Iléṣà:

Gbogbo ohun tí Tíṣà sọ ni mo fara mọ́. Ti dírágónì nìkan ni kò yé mi. Kí ni a fẹ́ fi dírágónì ṣe lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà? Àwọn baba wa sọ fún wa pé nígbà tí ojú Odùduwà fọ́, omi òkun ni wọ́n ní a ó fi ṣe oògùn rẹ̀, Ajíbógun ni ó sì gbà láti lọ nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó rìn dé òkun, ó bu omi, ó gbé e padà wá sí Ifẹ̀, ojú baba sì là. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, àwọn yòókù ti pín ogún, idà ni ó kàn án. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ọba wa ní Ọwá Obòkun títí di òní.

Ẹ wo bí ó ti bá ọjọ́ mẹ́rin yín mu: ọjọ́ kìíní, àwọn akọni gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọba, ọjọ́ kejì, ìrìn inú igbó, ọjọ́ kẹta, etí òkun, ọjọ́ kẹrin, ìpadàbọ̀ àti ọ̀rọ̀ ogún. Ọ̀rọ̀ ogún yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó bí ìgbìmọ̀ ìjòyè, kí wọ́n pinnu ohun tí ó tọ́ sí ẹni tí kò sí nílé nígbà tí wọ́n pín nǹkan. Àwọn tí wọ́n ti tó ọmọ ọdún méjìlá lè fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan jiyàn lórí rẹ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n.

Fún ti pápá, ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní igbá omi kan kí wọ́n gbé e láti ìpẹ̀kun pápá dé ìkejì, kí ẹ fi èédú sàmì sí ibi tí omi dé nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Lójú ọ̀nà, kí àgbàlagbà kan dúró nídìí igi máńgòrò kọ̀ọ̀kan, kí ó máa fi àlọ́ àpamọ̀ dá wọn dúró. Ẹgbẹ́ tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò da ife omi kan nù. Iye omi tí ó bá kù ni yóò sọ bí ojú ọba ti là tó: bóyá ó ríran kedere, bóyá òjìji nìkan ni ó ń rí, kí apàlọ́ sì mú ìyẹn wọ inú ìtàn alẹ́.

Ohun kan kù. Nínú eré kọ̀ǹpútà, akọni a máa gun ipele. Ẹ̀yin, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan àti òbí rẹ̀ jókòó ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n ṣẹ̀dá oríkì fún akọni tirẹ̀, ìlà méjì péré. Nígbàkigbà tí akọni náà bá ṣe ohun ribiribi, kí wọ́n fi ìlà kan kún un, kí gbogbo ibùdó sì kì í. Bí ẹ bá lè rí ìyá àgbà kan tí ó mọ oríkì orílẹ̀ dáadáa mú wá, ẹ ṣe é, ẹ sì wá àga tí ó dára fún wọn.

Ìyá Ìbejì, Mọdákẹ́kẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka èyí sí ọkọ mi létí, ẹ̀rín ẹbọra alákàrà kò sì tíì kúrò lẹ́nu wọn. Mo ní ìbéèrè sí i. Àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje lọ ńkọ́, tí wọn kò lè jókòó ti tábìlì? Èkejì, a fẹ́ lo ìtàn Mọremí, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù fún àwọn kékeré. Ẹ̀kẹta, bàbá kan nínú wa ti ń bèèrè bóyá ibùdó yìí kò ní la ọ̀rọ̀ òrìṣà lọ, nítorí a gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ lo owó ẹyọ dípò dáìsì, kí wọ́n sì ṣe ìbòjú.

Bàbá Ẹnuwá:

Ọmọ mi, ìbéèrè bàbá yẹn tọ̀nà, ẹ má sì bínú sí i. Nínú wa ni Kìrìsìtẹ́nì wà, nínú wa ni Mùsùlùmí wà, nínú wa náà ni àwọn tí ó di ẹ̀sìn ìbílẹ̀ mú wà, Ifẹ̀ sì ni a wà. Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni àwọn awo fi ń dá ẹẹ́rìndínlógún, nítorí náà bí ọmọ bá ń da owó ẹyọ lórí ẹní kí ó lè mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó ń kọjá kò mọ̀ pé eré ni. Ẹ lo dáìsì lúdò. Bákan náà ni ìbòjú: kí ẹnikẹ́ni má ṣe egúngún, kí ẹnikẹ́ni má sì pe orò. Àwọn tí ó ni wọ́n kò fi wọ́n ṣeré, àwọn tí kò ni wọ́n kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ ọn. Ẹ ní kí àwọn ọmọ dá ẹ̀dá tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n fún un lórúkọ, kí wọ́n sọ ohun tí ó ń jẹ àti ohun tí ó ń sá fún. Mo ti rí ọmọ tí ó ya ẹ̀dá kan tí ó ní ìrù ìjàpá tí ó sì ń bẹ̀rù ìgbálẹ̀.

Bí ẹ bá ti ra owó ẹyọ, ẹ fi pa àrokò. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, iṣẹ́ ni àwọn baba wa fi ń rán síra wọn. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ tí wọ́n dojú kọra jẹ́ àmì ìrẹ́pọ̀. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ni. Ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó rán an sí, nítorí ẹ̀fà ni wọ́n. Ẹyọ mẹ́jọ sì ń sọ pé ìfẹ́ àwọn méjèèjì jọra. Ẹ so àrokò kan mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn ọmọ sì túmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó mu ògì. Bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ sódì, kí ìtàn ọjọ́ náà gba ibi òdì yẹn lọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ní kí wọ́n pa tiwọn, kí wọ́n fi ìyẹ́, èédú, iyọ̀ tàbí ewé kún un, kí wọ́n sì rán an sí ẹgbẹ́ kejì.

Ní ti Mọremí, ẹ dúró síbi ògùṣọ̀ fún àwọn kékeré. Àwọn ajínigbé wọ koríko àti ìko bora, àwọn ará Ifẹ̀ sì rò pé iwin ni wọ́n; Mọremí jẹ́ kí wọ́n mú òun, ó gbé ọ̀dọ̀ wọn, ó mọ àṣírí pé iná lè jó aṣọ wọn, ó sì padà wá sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìyẹn nìkan kún fún ọgbọ́n: kí àwọn ọmọ wá àṣírí náà fúnra wọn nípa bíbi apàlọ́ ní ìbéèrè. Ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn àti ọ̀rọ̀ Olúorogbo, ọmọ rẹ̀, kí àwọn tí wọ́n ti lé ní ọmọ ọdún méjìlá gbọ́ ọ lọ́wọ́ àgbàlagbà, lọ́tọ̀, lẹ́yìn tí àwọn kékeré bá ti sùn. Ẹ má sì tan iná gidi sí ògùṣọ̀ o. Aṣọ pupa tí a so mọ́ igi ti tó.

Àǹtí Oníṣẹ́-Ọwọ́:

Ẹ jẹ́ kí n gba ti àwọn kékeré. Ẹ fi wọ́n ṣe ará ọjà. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn bá jáde nínú ìtàn orí tábìlì tí wọ́n nílò okùn, oúnjẹ tàbí ìròyìn, kí wọ́n rìn lọ sí abẹ́ igi níbi tí àwọn kékeré pàtẹ sí, kí wọ́n dúnàá dúrà. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó mọ̀ pé akọni kò lè lọ láìjẹ́ pé òun ta okùn fún un kò ní wá ìyá rẹ̀. Owó ọjà náà ni kí ó jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, nítorí Ifẹ̀ ni ìlú ìlẹ̀kẹ̀; àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ẹ̀rí ní Igbó Olókun pé wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Tiwa, bébà ni. Ẹ gé kàlẹ́ńdà àtijọ́ sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, tí orí rẹ̀ sì rí ṣóńṣó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ẹ lọ́ ọ mọ́ ẹyọ ọwọ̀ kan, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ṣóńṣó rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fa ọwọ̀ yọ kí ó tó gbẹ. Yóò wú láàárín, yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìpẹ̀kun méjèèjì bí ìlẹ̀kẹ̀ gidi. Apá tí ó ní àwọ̀ búlúù lára kàlẹ́ńdà ni kí ó níye lórí jù, kí ẹ pè é ní sẹ̀gi.

Fún máàpù ìrìn-àjò, ẹ ra ìkòkò amọ̀ kan, ẹ fi ẹfun ya ọ̀nà, odò àti òkè sí i lára, kí ẹ wá fọ́ ọ sínú àpò láìjẹ́ kí ọmọ kankan rí yín. Kí ẹ fi òkúta yún etí àwọn àfọ́kù náà títí kò fi ní mú mọ́. Àfọ́kù kọ̀ọ̀kan jẹ́ èrè iṣẹ́ kan. Ẹ lè sọ fún wọn pé àfọ́kù ìkòkò ni àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ tò ní ìdúró lórí ẹ̀gbẹ́ láti fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà wọn. Idà ńkọ́? Pòpórò àgbàdo tí a fi aṣọ àlòkù wé. Kì í dun ènìyàn bí a bá fi lù ú, ó sì máa ń kán bí ìjà bá ti gbóná jù, èyí tí ó dára.

Ọ̀ta Ayò:

Kí ẹnì kankan má ṣe gbàgbé ayò. Bí akọni méjì bá fẹ́ jà nínú ìtàn, ẹ gbé ọpọ́n sílẹ̀: ojúlé méjìlá, ọmọ mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ 48 lápapọ̀. Odindi ọ̀pọ́n kan lè pẹ́ jù, nítorí náà ẹ ní kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ ọmọ méjìlá borí. Kí àwọn ọ̀ta máa fún òpè ní ààyè láti kọ́kọ́ ta.

Nọ́ọ̀sì Iléṣà:

Òjò a máa dẹwọ́ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ níhà ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Kí eré orí pápá kọ̀ọ̀kan ní èyí tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn fún gbogbo ibùsùn. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn òbí, ní kọ̀rọ̀, èwo nínú àwọn ọmọ ni ó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde tàbí ikọ́ fée, kí àwọn yẹn máa mu omi lóòrèkóòrè, kí wọ́n má sì pẹ́ nínú òtútù. Ẹ fi wọ́n ṣe ìjòyè tí ń dá ẹjọ́ lórí ìje omi, wọn kò ní mọ̀ pé a yọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn òbí sórí bébà.

Onímọ́tò Sábó:

Gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni fóònù jẹ́ fún àwa mìíràn. Bí ẹ bá ní kí n pa á fún ọjọ́ mẹ́rin, àwọn oníbàárà mi yóò ti lọ. Kí ló dé tí àwọn ọmọ kò lè ní ìdajì wákàtí lórí fóònù lálẹ́, kí àwa náà sì rí ààyè?

Tíṣà Ìlàrè:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí yẹn ni yóò ba ibùdó jẹ́. Láti ọ̀sán ni wọn yóò ti máa bèèrè aago mélòó ni ó lù, ìtàn alẹ́ kò sì ní ní olùgbọ́. Ó sàn kí àwọn òbí tí iṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ dúró máa jáde kúrò ní ọgbà láàárín agogo kan sí méjì ọ̀sán, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń sinmi, kí wọ́n ṣe ìpè wọn lẹ́yìn géètì. Fóònù kan ṣoṣo tí iná rẹ̀ kún ni kí ó wà lọ́wọ́ alábòójútó fún pàjáwìrì. Àwòrán pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ yà á ní pẹ́ńsù. Bí ẹ bá ní mọ́tò, ẹ kó àwọn tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà lẹ́bàá ààfin ní ọjọ́ kẹta, kí wọ́n wo iṣẹ́ ọnà àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́. Ní ọdún 1938, ibi tí wọ́n ti ń walẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n ti ṣàdédé bá àwọn orí bàbà tí òkìkí wọn kàn ká gbogbo ayé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya ojú kan tí ó bá wù ú, kí onítọ̀hún sì di ẹni tí wọn yóò bá pàdé nínú ìtàn alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá Ìbejì, Mọdákẹ́kẹ́:

Ó ti yé wa. Wàhálà tí ó kù ni apàlọ́: nínú gbogbo àwa òbí, ẹni méjì péré ni ó gbà láti ṣe é, àwọn ọmọ sì lé ní ogún.

Tíṣà Ìlàrè:

Àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá àti mẹ́rìnlá ni kí ẹ lò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ ju àwa lọ, wọn kò sì ní tijú láti sọ̀rọ̀ bí ẹbọra. Ẹ kó mẹ́ta nínú wọn jọ ní ọ̀sán Sátidé kan kí ibùdó tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan pa ìtàn fún àwọn méjì yòókù, kí òbí kan sì jókòó ti ẹni tí ó bá ń pa á lọ́wọ́ láìdá sí i. Kí wọ́n múra nǹkan mẹ́ta nìkan sílẹ̀ fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan: ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ẹni kan tí ó ń fẹ́ nǹkan, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àwọn akọni kò bá ṣe ohunkóhun. Ẹ sọ ọjọ́ tí ó rọ̀ yín lọ́rùn fún mi, mo lè wá sí Mọdákẹ́kẹ́. Èmi yóò mú dáìsì wá, kí ẹ̀yin wá bébà àti pẹ́ńsù.